Ọmọ Tí Kò Padà Sílé

Nígbà tí mo ń kàwé ní Yunifásítì Lancaster, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ṣe fàájì lọ sí ìgbèríko. Lọ́jọ́ kan, mo fẹsẹ̀ rìn láti Overton lọ sí Sunderland Point, abúlé kékeré kan níbi tí odò Lune ti ń wọ òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń kún bo ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àkókò, yóò há síbẹ̀ ni.

Atẹ́gùn ni mo lọ gbà, ojú oórì ni mo bá pàdé. Ìtàn sọ pé ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, tí ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan mú wá láti West Indies, ló kú síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1736. Nítorí pé kò ṣèrìbọmi, wọn kò sin ín sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Sambo ni wọ́n pè é, orúkọ tí òyìnbó ń sọ ẹrú dúdú káàkiri. Ọdún 1796 ni wọ́n tó fi àmì sí ojú oórì náà. Àwọn ọmọdé ti kun òkúta wẹ́wẹ́ lọ́dà, wọ́n tò ó síbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló wo ilé ti ọmọ yìí? Mo bẹ̀rẹ̀, mo kí i lédè Yorùbá, bí n kò tilẹ̀ mọ èdè ìyá rẹ̀. Òkun ti ń kún bọ̀. Mo sáré gba ọ̀nà padà, nítorí èmi nílé tí mò ń lọ.