Orúkọ Mi Nínú Ìwé Àwọn Ayánilówó

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn nípa agogo ìdájí, oko ríro ní ọjọ́ Sátidé, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ẹgba kọ́ wa ní gírámà. Àwọn mìíràn yóò kọ ìyẹn, wọn yóò sì kọ ọ́ dára ju bí èmi yóò ti kọ ọ́ lọ. Ohun tí ó wà lọ́kàn tèmi ni ọ̀ràn kan tí ó dójú tì mí nígbà tí mo di ẹni ọdún 63, tí ó sì kan báàjì tí gbogbo wa jọ lẹ̀ mọ́ àyà.

Ní ọdún 2016, mo jẹ́ alákòóso ìjọ kan ní Adó-Èkìtì. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ilé àlùfáà. Kì í ṣe ẹbí mi, n kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ni òun náà ti jáde. Ó dárúkọ ilé tí ó gbé nínú ọgbà, ilé kan náà tí èmi gbé kí wọ́n tó bí i, ó sì dárúkọ ìnagijẹ tí a fún yàrá oúnjẹ. N kò mọ̀ pé orúkọ náà ṣì wà láyé. Láti ìgbà tí ó ti sọ ọ́ ni ọ̀ràn náà ti parí lọ́kàn mi.

Ó fẹ́ máa mọ bùlọ́ọ̀kù tà ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ti rí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ayánilówó tí ó tọ̀ lọ sọ fún un pé ẹni tí ó ń gba owó oṣù nìkan ni àwọn ń yá. Kò bẹ̀ mí pé kí n ṣe onígbọ̀wọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n yá owó náà ní orúkọ ara mi, kí òun sì máa san án padà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. ₦600,000 ni, fún oṣù 24. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi béèrè ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà. Mo ní, "Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì yín yóò rántí pé Ìwé Òwe, ní orí kẹfà, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ ó sì rántí pẹ̀lú pé Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé rẹ̀ sí Fílémónì, gbé gbèsè Ónésímù ka orí ara rẹ̀. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, a fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan jiyàn lórí èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí Kristẹni tẹ̀ lé. Ìhà ti Pọ́ọ̀lù ni èmi wà, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí di òní. Ohun tí n kò kíyè sí nígbà náà ni pé Fílémónì mọ Pọ́ọ̀lù lójúkojú. Ayánilówó tèmi kò mọ̀ mí. Nọ́ńbà mi ni ó mọ̀.

Ní ọdún 2017 wọ́n gbé mi lọ sí Ìkọ̀lé. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà san oṣù 14, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ ń lọ sí ilé àlùfáà tí n kò gbé mọ́. N kò béèrè. Nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, ohun tí ó dùn mí jù ni ìyẹn, pé n kò béèrè.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2023, ilé tí mo ń kọ́ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ti dé orí páànù. Àlùfáà tí ó ń gbé inú ilé ìjọ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ní kí òun kó ẹrù òun. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn òrùlé kì í fi í ṣe ọ̀ràn ẹ̀ṣọ́ fún wa. Mo lọ sí báńkì láti yá ₦2,000,000. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà, èmi ni mo ṣe ìrìbọmi fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà." Ó gba BVN mi, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ mi. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì pẹ́ kí ó tó gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ǹjẹ́ ẹ ti gbàgbé owó kan síbì kan rí?"

Mo ní rárá. Ó rọra yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi. Orúkọ mi nìyẹn, ọjọ́ ìbí mi nìyẹn, gbèsè kan sì wà níbẹ̀ tí ó ti lé ní ọdún márùn-ún kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí a san án, tí olówó rẹ̀ ti kà sí owó tí ó sọnù. Ojú ti ọmọ náà jù mí lọ.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ sílé lọ wádìí. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tọ ilé ayánilówó mẹ́rin mìíràn lọ, tèmi ti kọ́là àlùfáà lọ́rùn mi, pẹ̀lú ìrètí pé ọ̀kan nínú wọn yóò mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Gbogbo wọn ni ó gba BVN mi, gbogbo wọn ni ó sì wo ìwé kan náà. Nígbà tí ẹkẹrin kọ̀, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe gbèsè àtijọ́ nìkan ni ó wà ńlẹ̀ mọ́. "Sà, ẹ ti béèrè owó níbi márùn-ún láàrin oṣù kan." Wíwò kọ̀ọ̀kan ti fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ipa ẹsẹ̀ náà kò lè mọ̀ pé ìbínú àgbàlagbà ni. Ohun tí yóò rò ni pé nǹkan ti bàjẹ́ fún ẹni yìí tí ó fi ń kan ilẹ̀kùn kiri.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti wá yé mi. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fún ní àṣẹ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Wọn kì í yáni lówó. Ìwé ni wọ́n ń tọ́jú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ni a fọwọ́ sí òfin tí ó fi iṣẹ́ wọn múlẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀, ń ṣe adelé Ààrẹ. BVN tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, nọ́ńbà 11 yẹn, ni okùn tí ó so gbogbo àpò owó àti gbèsè ènìyàn kan pọ̀. Iye tí o yá, ọjọ́ tí ó yẹ kí o san, ọjọ́ tí o san, iye tí ó kù, àti àwọn tí wọ́n béèrè láti wo ìwé rẹ, gbogbo rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Láti inú èyí ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní máàkì.

Ẹ rántí káàdì ìròyìn tí a ń mú lọ sílé ní ìparí táàmù. Lẹ́yìn gbogbo máàkì, àyè kan máa ń wà ní ìsàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni ó ti lè kọ ọ́ pé àìsàn ni ó mú ọmọ yìí fìdí rẹmi, pé ọmọ rere ni. Lójú ẹni tí ó ń ka máàkì gbèsè, kò sí àyè bẹ́ẹ̀. Ìdámẹ́wàá tí mo san kò sí níbẹ̀. Àjọ tí mo dá fún ọdún 20 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró dè mí kò sí níbẹ̀. Owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí mo san pátá, tí kò sí ẹni tí ó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, òun náà kò sí níbẹ̀.

Èyí mú mi rántí ìyá bàbá mi, tí ó ń tajà ní Ọjà Ọba. Ọmọdé ni mí nígbà tí àwọn Òṣómàáló ṣì ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, tí wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn. Ọjọ́ owó bá pé, ọ̀kan á dé, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, kò sì ní dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n mo rí i lójú ara mi pé ìyá bàbá mi ṣàlàyé fún un pé ọmọ òun ni ara rẹ̀ kò yá, ọkùnrin náà sì wo ọmọ náà lórí ẹní, ó jẹ iyán, ó dá ọjọ́ mìíràn, ó sì lọ. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára ju èyí lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́, tí ọmọ ń fi agbára rẹ̀ sin èlé lórí gbèsè baba, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìtìjú pàápàá kò tíì lọ: gbogbo wa ni a mọ àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èébú nípa onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀, títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun mọ ọ̀ràn yìí jù wá lọ. Ọmọbìnrin mi tí ó wà ní Manchester rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀, kò sí gbèsè lọ́rùn òun, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ tà fóònù fún òun láti máa san díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìwé òun ṣófo. Ìgbà tí ó fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò (òfin gba àwa ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì láyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀), tí ó sì ń san gbèsè káàdì kékeré kan pé pérépéré lóṣooṣù, ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, máàkì tí wọ́n ń pè ní FICO bẹ̀rẹ̀ láti 300 títí dé 850. Nínú ọgọ́rùn-ún, 35 wà fún sísan ní àkókò, 30 fún ìwọ̀n gbèsè tí ó wà lọ́rùn ẹni, 10 sì wà fún gbèsè tuntun àti ìbéèrè tí ènìyàn ń ṣe kiri. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo ìwé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò dín nǹkan kan kù. Níbí pàápàá, ẹ̀tọ́ wa ni láti gba ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ká ní mo ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọdún 2017, ọ̀ràn oṣù méjì tàbí mẹ́ta péré ni ì bá jẹ́.

Nípasẹ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni mo fi rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Àkúrẹ́, níbi tí ó ti ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì fẹ́ dìde. Sìmẹ́ńtì ti wọ́n, àwọn kan gba bùlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwìn, wọn kò sì san. "Ojú ń tì mí láti wá bá yín, sà. Mo ń rò ó pé bí ó bá le, ẹ ó pè mí. Ẹ kò pè." Mo ti múra ọ̀rọ̀ líle sílẹ̀ láti Adó. N kò sọ ọ́.

₦250,000 ni ó kù nígbà tí ó dá owó sísan dúró. Èlé ti sọ ọ́ di ₦410,000. Owó páànù mi ni mo fi san án. Ayánilówó náà fún mi ní ìwé pé kò sí gbèsè mọ́, mo sì rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo gba àkọsílẹ̀ mi, gbèsè náà ṣì dúró níbẹ̀. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn, mo fi ìwé ìsanwó náà há a, kí wọ́n tó kọ ọ́ pé a ti san án. Pé a ti san án ni wọ́n kọ. Wọn kò pa á rẹ́. Ọdún tí ó fi pẹ́ ṣì wà lábẹ́ orúkọ mi, yóò sì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwa Èkìtì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

Yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn ilé náà ni mo rí páànù bò. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà ní báńkì ní kí n má ṣe béèrè owó níbikíbi fún ọdún kan, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù. Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí a ń lò nígbà tí a wà ní kíláàsì kìíní, inú rẹ̀ ni mo sì ń kọ ọjọ́ àti iye owó sí. Oṣù tí ó kọjá, ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi pẹ́. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ bí ó ti rí. Lẹ́yìn náà mo pè é. Ó ní ìyàwó òun bímọ, ọmọkùnrin ni. Mo kọ ìyẹn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.