Inú Rírun Bàbá Sọ́jà

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí kò dùn-ún sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ìdí ni, ẹ̀bi tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbà wá láyè kí a tó mú kálàmù.

Ẹ̀gbọ́n wa ni, ọmọ bàbá kan náà ni wá ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí níbí. Iṣẹ́ ológun ló ṣe. Ó bá àwọn ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Làìbéríà, àwọn tó wọ Monrovia ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, ó sì dé Sàró lẹ́yìn náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2008, ó padà sílé, ó ń dá oko iṣu àti àgbàdo. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Sọ́jà. Ọkùnrin líle ni. Ohun tí kò fẹ́ gbọ́ rárá ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó rẹ òun.

Ní nǹkan bí ọdún 2013 ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ní ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru nígbà mẹ́fà, nígbà mẹ́jọ lójúmọ́. Ó ń rù, ibà ń wá, ibà ń lọ. Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n po àgbo fún un. Ẹni tó ń ta oògùn ní ọjà ní ọ́sà ni. Ilé ìwòsàn kan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, ó sì lo oògùn táífọ́ọ̀dù nígbà mẹ́rin láàárín ọdún kan. Àwa náà kọ tiwa sí wàláà, a fi omi fọ̀ ọ́, a gbé hántú fún un mu. A kò sọ pé hántú kò dára o. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò tilẹ̀ bi í pé níbo gan-an ló ń dùn ún.

Rámádánì ọdún 2015 ni ẹ̀bi wa wá hàn. Ẹnìkan wá sọ fún wa pé òun rí Bàbá Sọ́jà tó ń mu omi lẹ́yìnkùlé ní ọ̀sán gangan. Kó tó di ìgbà náà, kò tún wá bá wa kírun ní mọ́ṣáláṣí mọ́, a sì ti ń rò ó lọ́kàn pé bárékè ló ba ẹ̀sìn rẹ̀ jẹ́. A wọ jálábíà wa, a lọ bá a. A ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ kéú ń wò yín.” Ó wò wá títí, ó ní, “Ààfáà, mo ti gbọ́.” Láti ọjọ́ kejì ló ti gba aáwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwa ni à ń túmọ̀ Súratul Bákárà fún àwọn ọmọ, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó ṣínu, kó san án padà ní ọjọ́ mìíràn. A mọ̀ pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìrètí àtilọ yóò máa bọ́ mẹ̀kúnnù kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. A ń kà á, a ń túmọ̀ rẹ̀, a kò sì rántí ẹ̀gbọ́n wa.

A gbé e lọ sí Ṣakí. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ní kí gbogbo wa jáde. Nígbà tó pè wá wọlé, ó ní egbò kan wà lẹ́bàá ìdí bàbá tó ń ṣe ọyún, ó sì ti tó ọdún méjì. Ìtìjú ni ẹ̀gbọ́n wa fi bò ó. Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò mọ̀. Dókítà ní, “Ẹ gbé bàbá lọ sí Ìbàdàn. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ lèyí.”

Ẹ̀gbọ́n wa ní ìwé ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́, nítorí náà ilé ìwòsàn àwọn ológun kan ni a kọ́kọ́ gbà lọ. Wọ́n gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ìfun kò ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn yóò kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni lẹ́tà náà fi wà lórí tábìlì tó ń retí ìbuwọ́lù ẹnìkan. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdọọdún, wọ́n máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ láti fi rántí àwọn ọmọ ogun wa tó kú, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láàyè, lẹ́tà ló ń dúró dè.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n ti okùn tí iná wà lórí rẹ̀ gba ìdí wọ inú ìfun rẹ̀, wọ́n rí egbò níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, wọ́n sì gé ẹran bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ wò. Dókítà àgbà jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Àìsàn méjì ló jọra wọn bí ìbejì: ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bọ́ sínú ìfun, àti èyí tí wọ́n ń pè ní àrùn Crohn. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ́pọ̀ jù. Bí wọ́n bá sì lo oògùn Crohn fún oníkọ́ ẹ̀gbẹ, ikọ́ náà lè gbilẹ̀ kó pa á, nítorí oògùn Crohn a máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Nítorí èyí, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Kò yí padà. Nígbà náà ni wọ́n tó ní Crohn ni.

Orúkọ dókítà kan ni Crohn. Ní ọdún 1932, òun pẹ̀lú Ginzburg àti Oppenheimer, ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí ìfun wọn rí báyìí. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn ènìyàn rò pé àìsàn òyìnbó ni, kò sì tètè sọ sí dókítà wa lọ́kàn. Dókítà ní ó jọ pé ọmọ ogun tó wà nínú ara ló kọjú ìbọn sí ìfun olówó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, “Ọ̀tẹ̀ nìyẹn.”

Dókítà yìí náà ló sọ fún un pé ológun ńlá kan ní irú rẹ̀ rí. Eisenhower, ọ̀gágun tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1956, ìfun rẹ̀ dí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Walter Reed, ilé ìwòsàn àwọn ológun. Ọ̀gágun Heaton ló mú ọ̀bẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ó tún wọlé ìbò, ó sì lò títí di ọdún 1969. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa gbọ́, ó ní kí wọ́n ṣírò ọ̀sẹ̀ márùn-ún tòun mọ́ ọn.

Wọ́n fún un ní prednisolone, wọ́n kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Lẹ́yìn náà wọ́n fi azathioprine kún un, èyí tó gba kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ infliximab, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì sájẹ́ǹtì kò lè rà á. Dókítà tún bi í bóyá ó ń mu sìgá. Àwa ti fẹ́ dáhùn pé rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti Monrovia. A kò mọ̀! Sìgá a máa mú Crohn le sí i, ó sì gbà á ní ọdún kan gbáko kó tó jáwọ́.

Ìdààmú kan tún kù, ìyẹn ìyẹ̀wò àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó tò láti ìdájí, inú mú un, ó sáré lọ sí ṣáláńgá. Kó tó dé, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, lẹ́tà dókítà wà lára ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, a fi pín-ìnnì dè é pọ̀, àwa la sì ń bá a lọ. Bí wọ́n bá ti rí lẹ́tà náà, iwájú ni wọ́n máa ń fi í jókòó sí.

Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni àyè rẹ̀ wà báyìí. Ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí inú bá le, ó ń kírun nílé, kò sì sí ẹni tó ń wá sọ fún wa mọ́. Ní Rámádánì tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ń se oúnjẹ mẹ̀kúnnù lójoojúmọ́, àwa la sì ń gbé e lọ fún arúgbó kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Bí a bá ti ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò ké láti orí ẹní rẹ̀ pé, “Ààfáà, ṣé o jíṣẹ́ mi?” A ó ní, “A jẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n.”