Ìrònú Tó Mọ́ Gaara àti Ilé Àwọn Ará Àbíjàn

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrònú òun mọ́ gaara ní láti kọ́kọ́ ya ohun tó fojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún un. Àwọn Yorùbá kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyàtọ̀ yìí rárá. Nígbà tí J. Olubi Sodipo àti Barry Hallen, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn láti wádìí ohun tí à ń pè ní ìmọ̀, èsì tí wọ́n gbà, tí wọ́n sì tẹ̀ sínú ìwé ní 1986, ni pé èyí tí ojú bá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni ìmọ̀. Ìyókù, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ níyì tó, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò.

Òṣùwọ̀n tó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fi hàn pé kò tíì tó. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ọmọ ìlú náà, àti ti ìletò àyíká rẹ̀ bíi Ìlawó àti Màsífà, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò lọ tààrà sí Àbíjàn, ìlú ńlá ibẹ̀, á gba Kútọnu, Lómè àti Accra kọjá. Èdè Faransé kì í ṣe àjèjì nígboro, ẹni tó bá sì mú owó sẹ́fà dání á rí ẹni bá a ṣẹ́ ẹ.

Ọ̀dọ́ tó bá ń rìn ládùúgbò á rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ará Àbíjàn, ìyẹn ọmọ ìlú tó lọ ṣòwò níbẹ̀, kọ́. Bọ́dún bá dé, á rí ọkọ̀ wọn, á rí léèsì, á rí ìnáwó. Ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó wá gbà pé ẹni tó bá lọ á là. Kò purọ́, kò sì gba àhesọ gbọ́. Síbẹ̀ ìrònú rẹ̀ ti wọ́, nítorí àwọn tó rí ṣe nìkan ló ń kọ́lé. Ẹni tó wọ gbèsè kì í kọ́ ọ. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ kì í wálé ọdún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tí owó sì tán, ilé rẹ̀ dúró sójú fèrèsé, ewé ti bò ó, kò sì sí òbí tó ń tọ́ka sí i fún ọmọ.

Àṣìṣe yìí kò mọ sí Èjìgbò. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Abraham Wald, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Hungary tó wà ní Yunifásítì Columbia ní New York, ṣiṣẹ́ lórí bàálù tí ọta ìbọn bà. Àwọn tó padà sí ibùdó nìkan ló wà nílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìṣirò Wald ka àwọn tó já bọ́ mọ́ ọn. Ibi tí ihò kò ti pọ̀ lára àwọn tó padà lè jẹ́ ibi tí ewu pọ̀ sí jù, torí àwọn tí ọta bà níbẹ̀ ni kò padà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òdodo nípa Àbíjàn lè mú ọdún kan, kó bi agboolé kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tó lọ lọ́dún náà àti ibi tí olúkúlùkù wà báyìí. Orúkọ tí ẹnu bá ń lọ́ra láti dá ni kó tẹ́tí sí jù. Ọdún náà ṣe pàtàkì: ọjà tí ẹni tó dé nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, ṣáájú 1980, bá níbẹ̀ kọ́ ni ẹni tó dé ní 2002 bá, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, tàbí lákòókò rògbòdìyàn ìdìbò 2010 sí 2011.

Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ìfẹ́-ọkàn. Ìyá tó ti ta ilẹ̀ kí ọmọ lè rówó ọ̀nà kò ní fẹ́ gbọ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó dé pẹ̀lú ọ̀yàyà kò ní fẹ́ ròyìn ìyà tó jẹ, àbúrò kò sì ní lè bi í. Nítorí náà, kí wọ́n tó ta ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti béèrè. Ó ṣeé ṣe kí èsì náà sọ pé kí ọmọ máa lọ, torí ọ̀pọ̀ ló lọ tó sì là lóòótọ́.