Ààyè Tí A Kò Fi Bàbà Sí

Bí ẹ bá tú ṣájà fóònù tó jẹ́ ojúlówó, tí ẹ dojú bọ́ọ̀dù rẹ̀ dé, ẹ ó rí apá kan tí iná NEPA ń gbà wọlé, ẹ ó sì rí apá kejì tí iná fóltì 5 ń gbà jáde lọ sínú fóònù. Ààyè òfìfo kan wà láàárín wọn tí ìlà bàbà kankan kò kọjá. Ààyè yìí ni ọ̀gá mi ní kí n kọ́ kó tó gbà mí láyè láti ya bọ́ọ̀dù kankan lórí kọ̀ǹpútà.

Títún nǹkan ṣe ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní Computer Village n'Íkẹjà. Ohun tó bá jó ni ẹni tó ń tún nǹkan ṣe máa ń wá. Ọ̀gá ní kí n gbàgbé ìyẹn ná. Ó gbé páálí kan tó kún fún ṣájà àlòkù síwájú mi, ó fún mi ní kálípà, ó ní, "Má wo èyí tó jó. Wọn ibi tí nǹkan kan kò sí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀." Nínú àwọn ayédèrú, mo rí èyí tí ààyè ọ̀hún kò tó mìlímítà 1. Nínú àwọn ojúlówó, ó ń lọ sí 6, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti òde, ìkarahun wọn kò yàtọ̀ síra.

Iná ilé tí à ń pè ní fóltì 230, ó máa ń gun dé 325 nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí NEPA bá ṣàdédé mú iná dé, tàbí tí àrá sán lẹ́bàá wáyà òpópónà, ó lè fò ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. 2,500 ni ìwé òfin ní kí a múra sílẹ̀ dè. Ọ̀nà méjì ni iná lè gbà sọdá. Ó lè gba inú afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní clearance. Ó sì lè gba ojú bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, creepage nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ kì í pẹ́, a ó kàn gbọ́ gbàù ni. Ìkejì ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ ṣe tirẹ̀. Eruku á bà lé bọ́ọ̀dù, ọ̀rinrin á mú un, iná díẹ̀ á máa jò gba ibẹ̀, ibẹ̀ á máa gbóná títí ojú bọ́ọ̀dù á fi di èédú. Èédú sì ń gbé iná.

Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n là sáàárín bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́. Iná tó bá ń rìn lójú bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ yí ihò náà po, bí èèrà tó dé etí kòtò, ọ̀nà rẹ̀ á sì gùn sí i. Ṣùgbọ́n fún ohun èlò inú ilé, bí ihò náà kò bá fẹ̀ tó mìlímítà 1, òfin kò kà á sí. Wọ́n á wọn ọ̀nà náà bí ẹni pé ẹ kò là á rárá.

Ìwé òfin tí ọ̀gá fi kọ́ mi ni IEC 60950-1. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fi IEC 62368-1 rọ́pò rẹ̀ láti 20 oṣù Kejìlá, 2020. Ohun tí iná kan lè ṣe fún ara ènìyàn ni ìwé tuntun yìí kọ́kọ́ ń béèrè: ṣé ara kàn máa mọ̀ ọ́n ni, ṣé ó máa dun ún, àbí ó máa ṣe é léṣe? Mo fẹ́ràn ìrònú yẹn. Síbẹ̀, tó bá di ká tètè rí iye, àtẹ inú ìwé àtijọ́ ló rọ̀ mí lọ́rùn. Fún fóltì 250, lórí FR-4, irú pátákó bọ́ọ̀dù tí gbogbo wa ń lò, níbi tí ìdọ̀tí kò pọ̀ jù, ó ní mìlímítà 2.5; bó bá jẹ́ pé ààyè náà nìkan ló dúró láàárín iná NEPA àti ọwọ́ ènìyàn, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 5.

"Níbi tí ìdọ̀tí kò pọ̀ jù" yẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìwé náà pín ìdọ̀tí sí ìpele: 1 fún inú ohun tí a dì pa, 2 fún ilé àti ọ́fíìsì, 3 fún ibi tí ọ̀rinrin tàbí eruku tó ń gbé iná wà. Ṣájà ráútà la fẹ́ yà. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i, inú ilé ni wọ́n máa gbé e sí. Ìpele 2 ni."

Ó ní, "Ilé ta?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti bá nínú àwọn inverter tí wọ́n gbé wá tún ṣe: èéfín jẹnẹrétọ̀, eruku ọyẹ́, ẹyin ọmọńlé, àti ọmọńlé fúnra rẹ̀ tó ti gan mọ́ ẹsẹ̀ tiransífọ́mà. "Ìwé kò ní kí o má lo ojú ẹ. Ìpele 3 ni Èkó."

Àtẹ náà ní 4 fún ìpele 3, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 8. Mo fara mọ́ ọn títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà kì í fẹ́ sanwó ààyè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ẹnu lásán ni 8 ti rọrùn. PC817, optocoupler olówó pọ́ọ́kú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sọdá ààyè náà, 7.62 ni ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi jìnnà síra. Bí ẹ bá tún fi òrùka bàbà yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká kí òjé lè dì í mú, nǹkan bí 6 ló kù. Ẹ kò tíì fa ìlà kankan o! A ní láti wá irú èyí tí wọ́n ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sí 10.16. Ti kápásítọ̀ búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún le jù. Irú tí wọ́n ń pè ní Y1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀, torí bí ti lásán bá bàjẹ́, ó lè so apá méjèèjì pọ̀, iná NEPA á sì bá ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jà, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní.

Nígbà tí bọ́ọ̀dù dé, a fi ẹ̀rọ ìdánwò rán fóltì 3,000 láti apá NEPA sí apá kejì fún ìṣẹ́jú kan. Ó dúró. Ọ̀gá ní ìyẹn kò tíì tó, torí bọ́ọ̀dù tuntun ni, eruku kò tíì dé ibẹ̀. Ìwé ẹ̀rí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ló tún kù. SONCAP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 wà fún ọjà òkèèrè. MANCAP ni SON ń fún ohun tí a bá ṣe nílé. Ó ní kí n lọ to ìwé jọ: àwòrán bọ́ọ̀dù, ìwé ẹ̀rí kápásítọ̀, àti ìwé tó fi hàn pé pátákó náà jẹ́ V-0, ìyẹn ni pé bí iná bá ràn mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìwé V-0 yẹn ló pẹ́ jù lọ kí a tó rí, nítorí ẹni tó ta pátákó fún wa kò mọ ẹni tó ṣe é.