Bí A Ti Wá Mọ́tò Ìrìn Àjò Sàró ní Ìbàfò àti Ìfọ̀

Àwọn bàbá wa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí láti Mòwé ti wá rí i pé ọ̀nà pẹ̀lú ni ó yẹ kí a wò kí a tó ra mọ́tò. Díẹ̀ ni ó kù kí a san owó ńlá kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń pèsè fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn.

Ìyá wa àgbà, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìran Sàró sì ni pẹ̀lú. Bàbá-ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí a gbé sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown, tí wọ́n sì padà wá sí ilẹ̀ bàbá wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí padà nípa ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ ní Èkó àti ní Àgbádárìgì. Ìyá wa wí fún wa pé, "Ojú òkun ni wọ́n gbà wálé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba orí ilẹ̀ mú mi lọ wo ibẹ̀ kí ojú mi tó pa dé." Ó sì gbé owó èsúsú rẹ̀ ti ọdún mẹ́fà lé wa lọ́wọ́. Ẹ ó rí i pé owó yìí kì í ṣe owó tí a lè fi ṣeré.

A tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sí orí tábìlì. Láti Mòwé a ó gba Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. A ó la ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, àti Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire, kí a tó wọ Làìbéríà àti Sàró. Láti Èkó dé Abidjan nìkan ju 1,000 kìlómítà lọ, ìyẹn kò sì tí ì pé ìdajì ọ̀nà. Ní etí òkun, ọ̀nà ọ̀dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Làìbéríà, ẹni tí ó bá yà kúrò lórí ọ̀dà yóò bá ilẹ̀ pupa pàdé. Monrovia àti Freetown wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jùlọ ní gbogbo ayé, láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá ni òjò náà sì ń pọ̀. Nítorí èyí a yan oṣù kìn-ín-ní, nígbà ọyẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, ó ha di dandan kí a ra mọ́tò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà bí? Kò di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1966, Newton Jibunoh nìkan wa Volkswagen kékeré láti London, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì dé Èkó. Ní ọdún 2024, Pelumi Nubi, ọmọbìnrin ilẹ̀ wa, wa Peugeot kékeré láti London wá sí Èkó. Jàǹbá bá a ní Côte d'Ivoire, a tún mọ́tò náà ṣe, ó sì parí ìrìn rẹ̀. Kì í ṣe gíga mọ́tò ni ó gbé wọn dé ilé. Ṣùgbọ́n àwa ní àgbàlagbà láti gbé, àti ẹrù, àti omi mímu. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sì ń yí lásán nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni yóò fà wá jáde.

Ìbàfò ni a kọ́kọ́ lọ, nítorí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kan náà, tí a ṣí ní 1978, ni ó so ìlú wa pọ̀ mọ́ ọn. Jíìpù dúdú kan wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Ẹni tí ń tà á wí pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, tòkunbọ̀ gidi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń fà." Ọkàn wa ti fà mọ́ ọn, a ti ń bá a ná an. Nígbà náà ni ìyá wa wí pé, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́ bá mi ká ẹní inú rẹ̀ sókè." Ogójì ọdún ni ó fi ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ó sì mọ̀ pé a kì í ra aṣọ láì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kí ni a rí? Ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ ẹní, ìpẹtà sì ti jẹ irin ẹsẹ̀ àga. Omi ti bo mọ́tò náà rí. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ wò abẹ́ rẹ̀: ọ̀pá irin tí ń gbé agbára ẹ̀ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lọ sí iwájú. Ẹsẹ̀ méjì péré ni ó ń fà. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. A dúpẹ́, a sì bá ọ̀nà wa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a lọ sí Ìfọ̀, níbi tí ojú irin Èkó gbà kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, tí a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Mẹkáníìkì àgbà kan wà níbẹ̀ tí ilé wa ti mọ̀ tipẹ́. Ó mú wa lọ wo Toyota 4Runner ti ọdún 2002 kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Bàbá kò wo ara rẹ̀ rárá. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ nígbà tí ẹ̀ńjìnì ṣì tutù, ó ní bí ọ́ìlì bá rí bí ẹ̀kọ tí a po mílíìkì mọ́, omi ti wọ inú ẹ̀ńjìnì. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi ọwọ́ tọ ṣáásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, bóyá a ti gé e, a sì jó o pọ̀. Ó ka nọ́ḿbà ṣáásí, lẹ́tà àti fígọ̀ 17, ó sì fi wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó fa jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó sì wà á gba inú iyanrìn. Gbogbo ẹsẹ̀ ni ó fà.

Àbùkù wà lára rẹ̀. Táyà rẹ̀ dúdú, ó sì nípọn, ṣùgbọ́n fígọ̀ mẹ́rin tí ó wà létí rẹ̀ jẹ́ 1114, èyí ni ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014: arúgbó táyà ni. Ṣọ́ọ̀kù iwájú sì ń jo ọ́ìlì. Olówó rẹ̀ kò sẹ́, ó sì dín owó kù. Bàbá wí fún wa pé, "Ẹ má fi gbogbo owó Màmá ra mọ́tò. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ fi méjì rà á, kí ẹ fi ẹyọ kan tọ́jú rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe.

A ra táyà tuntun mẹ́fà, kí méjì lè jẹ́ àpamọ́. A pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, bíréèkì, bẹ́líìtì àti bátìrì. A fọ radiétọ̀. A sì yí gbogbo ọ́ìlì padà, títí kan ti àpótí jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. A di ọkọ́, okùn líle, pákó méjì àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà sínú rẹ̀, nítorí nínú iyanrìn a máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù, a ó sì tún un fẹ́ bí a bá dé ọ̀dà. Ẹrù wúwo wà nílẹ̀, kò sí ní orí òrùlé, kí mọ́tò má baà ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ òkè. A gba káàdì ìdánidúró mọ́tò ti ECOWAS, tí àwọn orílẹ̀-èdè wa fi ọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1982, àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Lẹ́yìn èyí a kó gbogbo ẹrù àti ìyá wa sínú mọ́tò, a sì gba ọ̀nà inú lọ sí apá Ọ̀fàdà ní ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀. Ó la ẹrẹ̀ já láì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀, ooru gun ẹ̀ńjìnì: ọ̀kan nínú rọ́bà tí ń gbé omi lọ sí radiétọ̀ ti ya. A jókòó sí abẹ́ igi, a sì dúpẹ́ pé itòsí ilé ni ó ti ya, kì í ṣe inú igbó Làìbéríà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà, a sì mú òmíràn dání.

Ìyá wa rọra yí mọ́tò náà ká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó wí pé, "Mọ́tò yìí kò lẹ́wà o." A ń wá ohun tí a ó fi dá a lóhùn nígbà tí ó tún wí pé, "Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wa rí pé ọkọ̀ tí ó gbé bàbá-ńlá mi wálé lẹ́wà."

Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, a ó kọ̀wé sí yín láti Freetown.