Láti orí pápá dé orí àga ìdájọ́

Bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá kì í ṣe irú tiwa yìí o: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò. Iṣẹ́ yẹn ni Alan Page ń ṣe fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Minnesota Vikings nígbà tó ń kọ́ nípa òfin. Ní 1971, òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń dènà alátakò tí wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní líìgì NFL. Ó gboyè òfin ní 1978, síbẹ̀ kò fi pápá sílẹ̀ títí di 1981.

Èyí tó dùn jù ni ti 1992. Page fẹ́ du ipò adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni gómìnà bá fi kún sáà adájọ́ tó wà lórí àga. Ìdìbò fẹ́ yẹ̀. Ó pẹjọ́, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ kan náà tó fẹ́ wọ̀! Àwọn adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó jọ láti gbọ́ ọ. Page jàre, wọ́n dìbò, ó wọlé. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó jókòó níbẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ní 2015, òfin tó ní kí adájọ́ sinmi lẹ́ni 70 ọdún mú un kúrò níbẹ̀. Àmì bọ́ọ̀lù ṣì wà lára rẹ̀: ìka ọmọńdinrín rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ti yẹ̀ kò tíì tọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ ìwé ọmọdé nípa ìka náà.