Ilé Tí Kò Mí Dáadáa

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ ìkómọjáde ni a mọ òwe yìí mọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó wúlò pẹ̀lú fún ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí yàrá kan fi ń móoru nínú ilé tí àwọn yàrá yòókù ti tutù. Kí a tó fún àìsàn ẹ̀rọ ní orúkọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí ẹ̀rọ náà wà.

Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé. Bí ènìyàn bá gbọ́ Amẹ́ríkà, òtútù àti yìnyín ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí, ṣùgbọ́n ooru Houston kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó gòkè dé ìwọ̀n 109 ti Fahrenheit, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius tí a ń lò ní Nàìjíríà. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà lè kú sínú yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fi gbà mí lọ́kàn nígbà tí ìyá mi, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ wa, tí ó sì jẹ́ pé yàrá tí a fi wọ̀ ọ́ ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò lágbára rárá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé amúlétutù ojú fèrèsé tàbí ti ara ògiri nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ilé. Fáànù ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé wọlé láti ẹnu ihò gbàǹgbà kan, èyí tí ó sábà máa ń wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà yóò gba inú asẹ́ kọjá kí eruku lè kù sẹ́yìn, yóò fara kan irin tútù, lẹ́yìn náà ni fáànù yóò tì í sínú àwọn páìpù ńláńlá tí ó gba òkè àjà lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà òtútù, àwọn páìpù kan náà ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ó lè ya àwọn olùfẹ́ ìwé lẹ́nu pé nítorí ìwé títẹ̀ ni a ṣe dá irú ẹ̀rọ yìí sílẹ̀: ní ọdún 1902, Willis Carrier ṣe ètò rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún ìyá mi, ó wo fèrèsé tí a kì í ṣí, ó ní, "Àkànní, ilé tí kì í ṣí fèrèsé, níbo ló ń gbà mí?" Ìbéèrè náà ni mo dì mú.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ pè kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sọ pé ẹ̀rọ wa kéré, pé kí a ra èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Owó tí ó pè kì í ṣe owó olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kéré, ṣé gbogbo yàrá kọ́ ni ìbá máa móoru? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ yàrá kan ṣoṣo? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé fúnra mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá wà ní irú ipò yìí ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀. Kí ó ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ó máa gbé e sí ẹnu ihò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ihò ni kò lágbára, àárín gbùngbùn ni àìsàn wà. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni kí ó wò.

Tí ó bá jẹ́ ti àárín gbùngbùn, asẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ń fura sí. Asẹ́ tí eruku ti dí dà bí imú tí ọ̀fìnkìn dí. Ó yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, kí a sì máa pààrọ̀ èyí tí ó fẹ́lẹ́ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń fara kan irin tútù yóò dín kù, yìnyín yóò sì bo irin náà, yóò wá dí ọ̀nà tán pátápátá. Nígbà náà, kí a pa ìtutù, kí a jẹ́ kí fáànù nìkan máa ṣiṣẹ́ títí yìnyín yóò fi yọ́. Ní ìgbà òtútù, ìdínà kan náà lè mú kí ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó sì máa pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti gáàsì inú amúlétutù, ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ni òfin Amẹ́ríkà gbà láyè láti fọwọ́ kàn án.

Ní ilé tiwa, tíṣù fò sókè ní gbogbo yàrá àyàfi ti ìyá mi. Mo wò ó bóyá ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ ẹnu ihò náà ni a pa dé, tàbí bóyá ẹrù ni ó dí i. Kò sí. Mo gun òkè àjà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí òòrùn tó mú, mo sì fi iná wo páìpù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé páìpù rírọ̀ a máa ká tàbí kí ẹrù tẹ̀ ẹ́ pa. Kò ká, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ kan ti là díẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ púpọ̀: ètò Energy Star ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú ilé lásán, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí ó ń gba inú páìpù ni ó ń jò dànù. Téèpù aláṣọ tí a ń pè ní duct tape kọ́ ni a fi ń dí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ páìpù yìí ni ó ń jẹ́. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory dán an wò, wọ́n sì rí i pé kì í pẹ́ tí ó fi ń ṣí. Ohun lílẹ̀ tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ni mo lò. Afẹ́fẹ́ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi máa di òru, yàrá náà a tún ti gbóná.

Ọ̀rẹ́ kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pa ihò yàrá méjì dé kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ ní ti ìyá mi. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fáànù kò mọ̀ pé a ti pa ihò dé. Yóò máa tì í lọ ni, afẹ́fẹ́ yóò sì máa wá gbogbo ibi tí páìpù ti là láti jò.

Ìgbà yìí ni mo rántí ìbéèrè ìyá mi. Mo gbé tíṣù sí ẹnu ihò náà nígbà tí ìlẹ̀kùn yàrá ṣí, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo ti ìlẹ̀kùn, kò pẹ́ tí tíṣù fi rọ wọlẹ̀. Ìlẹ̀kùn ni! Yàrá náà ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kò ní ibi tí ó ń gbà jáde padà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà tí a bá ti í, nítorí kápẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn ti dí abẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ẹ mú ìgò òfìfo àti àrọ tí a fi ń rọ epo. Ẹ fi amọ̀ tútù dí àyíká ibi tí àrọ ti wọ ẹnu ìgò, kí ó má ku àlàfo kankan, kí ẹ wá da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Omi yóò dúró sínú àrọ. Ìgò náà kò kún, síbẹ̀ kò gbà, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ gún amọ̀ náà ní ihò kan, omi yóò sì wọlé.

Ó rọrùn láti ní kí ìyá mi máa ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ sùn. Mo dá a lábàá, ó sì bi mí pé, "Ta ni kó máa wo arúgbó níbi tó sùn sí?" Òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ó ti ní ilé tirẹ̀, tí ó wá di àlejò nílé ọmọ, ìlẹ̀kùn yẹn ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, mo ti mú ooru kúrò, mo sì ti mú iyì kúrò pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Káfíńtà gé ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó sì lu ihò sára ògiri: ti inú yàrá wà lókè, ti ọ̀ọ̀dẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín ògiri kọjá láìjẹ́ pé ojú ènìyàn ń gba ibẹ̀ wọlé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára iye tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ pè. Láti òru ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ sùn nínú ìtura. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé ní ìdájí, a máa ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ariwo.

Nínú iṣẹ́ wa, àwa olùkọ́ ni a mú àrọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀kọ́ kò bá wọlé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kí a fi agbára kún un: kí a gbóhùn sókè, kí a fi kún iṣẹ́ àmúrelé. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tíì rí ibi tí yóò gbà sọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Kí a tó sọ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, ẹ jẹ́ kí a wo ìlẹ̀kùn.